Ẹ̀kọ́ Ìbòjú ní Kíláàsì Eré: Èsì fún Ìbéèrè Àgbà Awo Kan

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo tọrọ gáfárà, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fara kan aṣọ tí kò yẹ kí irú mi tú ìdí rẹ̀ ní gbangba. N kò ní tú u.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí a ń jẹun lọ́wọ́ lẹ́yìn ọdún, àgbà awo kan pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ní, "Olùkọ́, wọ́n ní ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń gbé eégún ní yunifásítì. Ta ni ó fún yín ní àṣẹ?" Mo dá bàbá lóhùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn, mo sì rí i lójú wọn pé kò tẹ́ àwọn náà lọ́rùn. Ìbéèrè yẹn ni mo mú padà wá lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí a ń ṣe. A máa ń fi amọ̀ mọ ojú ènìyàn. A ó rẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú omi sítáàṣì, a ó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú amọ̀ náà ní ìpele ìpele títí yóò fi nípọn. Bí ó bá gbẹ tán, a ó ṣí i kúrò lára amọ̀, a ó lu ihò ojú rẹ̀, a ó kùn ún ní àwọ̀ kan ṣoṣo, a ó sì so rọ́bà mọ́ ọn. Ojú náà kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún, kò bínú. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ẹ̀yìn sí wa, yóò gbé e wọ̀, yóò mí kanlẹ̀, yóò sì yíjú padà sí wa. Iṣẹ́ tí a ń kọ́kọ́ fún un kò ju pé kí ó jí láti ojú oorun, kí ó dìde, kí ó rìn dé ojú fèrèsé bí ẹni tí kò rí ayé rí.

Iṣẹ́ kékeré ni létí, ṣùgbọ́n ó ń mú ọ̀dọ́ alágbára làágùn. Ẹni tí ó ti ń fi ojú àti ẹnu dá àwọn ènìyàn lára yá láti kékeré ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kọsẹ̀. Mo ti rí ọmọ kan tí ó rẹ́rìn-ín títí lábẹ́ ìbòjú, tí ó sì ń ṣe é ní kàyéfì pé kò sí ẹni tí ó bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò kọjá ẹ̀yìn ìwé. Àwọn ènìyàn rò pé ńṣe ni ìbòjú ń fi ènìyàn pamọ́. Ojú nìkan ni ó bò. Ara tó kù ni ó tú sí gbangba: èjìká tí ó ti ká kò nítorí ìbẹ̀rù, ọwọ́ tí kò mọ ibi tí yóò wà, ẹsẹ̀ tí ó ń purọ́. Bí orí bá tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, òjìji yóò bọ́ sójú ìwé náà, àwọn tí ń wòran yóò sì ní ó banú jẹ́. Bí àgbọ̀n bá gbéra sókè, wọn yóò ní ìròyìn ayọ̀ ni ó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ìwé ìròyìn àná náà ni. Ṣùgbọ́n bí òṣèré bá fi ọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n, tàbí tí ó bá yẹgbẹ́ jù, ohun gbogbo bàjẹ́. A ó rí rọ́bà, a ó rí etí rẹ̀, a ó sì rántí pé kíláàsì ni a wà.

Bí a ti ń ṣe é yìí, ilẹ̀ Faransé ni ọ̀nà náà ti wá. Jacques Copeau, ẹni tí ó dá ilé eré Vieux-Colombier sílẹ̀ ní Paris ní 1913, ni wọ́n ń ròyìn pé ó ní òṣèrébìnrin kan tí ìtìjú dè mọ́lẹ̀ nígbà ìgbáradì, tí Copeau sì fi áńkáṣíìfù bo ojú rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ara ọmọbìnrin náà tú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jacques Lecoq, tí ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Paris ní 1956, tí ó sì bá Amleto Sartori, agbẹ́gilére ará Ítálì, ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ìbòjú aláwọ tí kò ní ìṣe kankan lójú. Ìdáhùn tí mo fún bàbá lọ́jọ́ náà kò ju èyí lọ: a kò jí i gbé nínú ìgbàlẹ̀.

Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í ṣe ọmọ Paris. Ó ti sá fún eégún ní kékeré, ó sì ti jó tẹ̀lé e. Kí olùkọ́ máa sọ fún un bí ẹni pé Faransé ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń sọ̀rọ̀, irọ́ nìyẹn. Nítorí náà, mo máa ń ka ohun tí Hugh Clapperton kọ sílẹ̀ fún wọn. Ní 1826, ní Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin ní kí wọ́n fi eré dá àlejò náà lára yá. Àwọn eléré kọ́kọ́ jó nínú àpò. Wọ́n ṣe òjòlá. Lẹ́yìn náà ni ìkẹta wá jáde, òyìnbó kan, funfun bí ìda, tí ó rù kan eegun. Òtútù ń mú un, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń ṣe bí ẹni tí ń fa aáṣáà símú, ó sì ń tẹlẹ̀ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán rìn rí. Àwọn òǹwòran ń bi Clapperton pé báwo ni ó ti rí i. Ó gbà nínú ìwé rẹ̀ pé òṣèré náà mọ òyìnbó ṣe. Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wá ọ̀rọ̀ tí eléré náà sọ jáde nínú ìtàn yìí. Wọn yóò wá a tì. Ìrìn nìkan ni.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ń kọ́ wa. Ní Kétu àti ní Ìmẹ̀kọ, orí ni ère náà ń jókòó sí, aṣọ sì ni ó bo ojú ẹni tí ń jó; ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìlù ń bá wí. Kò sí ẹni tí kò mọ ọmọ ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, wọn a sì yìn ín lórúkọ bí ó bá jó o ire. (Ní 2001 ni UNESCO dá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀, ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ifá. Mo mọ̀ pé àwọn kan níbí kò tíì dárí jì wọ́n.) Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀dọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ọ̀dọ̀ alárìnjó ni kíláàsì wa lè lọ kọ́ iṣẹ́. Eégún ilé kì í ṣe ọ̀nà wa. Mo sì ní láti jẹ́wọ́ bí mo ti ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ń gbáradì fún *Death and the King's Horseman*, eré tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1975. Ẹ̀yin tí ẹ mọ eré náà yóò rántí Pilkings, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n gbé aṣọ eégún wọ̀ lọ sí ibi ijó. Amusa, ọlọ́pàá, Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ kò gbà láti bá ẹni tí ó wọ aṣọ òkú sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan, ọmọ agbo ilé ọ̀jẹ̀, ní òun lè mú ẹ̀kú gidi wá láti ilé. Ó ní bàbá òun yọ̀ǹda. Èmi kò béèrè síwájú sí i. Mo ní aṣọ ni aṣọ ń jẹ́, àti pé orí ìtàgé ń sọ ohun gbogbo di eré.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí Pilkings wa ti ń fi ẹ̀kú náà jó ijó òyìnbó, ìyá tí ó máa ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn wa ṣílẹ̀kùn. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó fi gèlè bo ojú, kò sì kúrò lójú kan. A pè é, kò dáhùn. Ohun tí Ṣóyínká kọ fún Amusa ni ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa yẹn, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ fún ìyá náà. Ọmọ náà bọ́ aṣọ, a gbé e kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbòjò àti àpò ìwé àwọn ọmọ.

Mo lọ bẹ ìyá náà. Lẹ́yìn náà, èmi àti ọmọ náà dá ẹ̀kú padà sí agbo ilé wọn. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú àti fún owó ìtánràn. Olórí agbo ilé kò bínú, kò sì dárúkọ owó. Ohun kan ṣoṣo ni ó bi mí: "Nígbà tí ọmọ yìí bọ́ ọ, ta ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?" N kò lè dáhùn, nítorí ìṣó ni ó gbà á.

Bàbá mi awo, bí ẹ bá wà nínú àwùjọ yìí, èsì yín nìyí. Kò sí ẹni tí ó fún wa ní àṣẹ lórí ẹ̀kú, a kò sì tún fọwọ́ kàn án mọ́. Aṣọ tí a rán fúnra wa, tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣì mọ̀ fún ti eégún, ni a fi parí eré náà. Ìwé àti sítáàṣì jẹ́ tiwa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè olórí agbo ilé yẹn ti wọ inú iṣẹ́ wa. Láti ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ kì í bọ́ ìbòjú fúnra rẹ̀ kí ó jù ú sílẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, yóò pe òṣèré náà ní orúkọ àbísọ rẹ̀, yóò dúró títí yóò fi dáhùn, kí ó tó gbé ìbòjú sínú àpótí. Èyí kì í ṣe ètùtù. Keith Johnstone, olùkọ́ eré, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1979 pé ìbòjú lè gbé òṣèré kúrò ní ipò ara rẹ̀, kódà ní ilé-ẹ̀kọ́. Èmi náà ti rí ọmọ tí a pè lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó jẹ́.

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ igi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ńlá, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà yóò gbé ìbòjú wọ̀ lójú gbogbo yín, wọn yóò sì bọ́ ọ lójú gbogbo yín. Ìyá, ọmọdé, àlejò, gbogbo yín ni ẹ lè súnmọ́ wọn, kí ẹ yí ìbòjú náà wò, kí ẹ ka ìwé ìròyìn tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí a ti kọjá ààlà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí ti èṣí.