ÈDÈ KỌ̀ǸPÚTÀ Ń YÍ PADÀ, ÀKỌSÍLẸ̀ ẸGBẸ́ KÒ GBỌDỌ̀ DÀNÙ

Ọ̀rọ̀ tí àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí a wá sọ kò kọjá òye ẹnikẹ́ni, nítorí ọ̀rọ̀ owó yín àti orúkọ yín ni.

Àwọn òbí máa ń bi wá pé, "Èdè kọ̀ǹpútà wo ni kí ọmọ wa kọ́?" Àwọn olóyè ẹgbẹ́ náà máa ń bi wá pé, "Èwo nínú àwọn ètò tuntun yìí ni kí a fi máa tọ́jú ìwé ẹgbẹ́?" Ibì kan náà ni ìdáhùn méjèèjì ti wá. Èdè kọ̀ǹpútà ni a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Ó máa ń gbó, a sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí a fi pamọ́ ni kò gbọdọ̀ bá a lọ. Nígbà tí ọmọ bá kú, àwọn àgbà a máa tu ìyá rẹ̀ nínú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Nínú iṣẹ́ tiwa, ìdàkejì rẹ̀ ni a ń wá: bí agbè bá fẹ́ kó fọ́, kí omi má ṣáà ti dànù.

Àwa tí a wà ní àjò mọ ohun tí ìwé jẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà K. A. Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá ló wà nínú àwọn tó di ẹrù lójijì. Ẹni tó fi ọjà sílẹ̀ àti ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, kí ni ì bá jẹ́rìí fún un bí kò ṣe ìwé?

Ẹ wo bí nǹkan ṣe ń yí. Nígbà kan, FoxPro wà lára àwọn ohun tí ilé iṣẹ́ kéékèèké fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Microsoft ra ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní 1992. Ní 2007 wọ́n kéde pé àwọn kò ní ṣe òmíràn mọ́, nígbà tó sì di 2015, wọ́n dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró. Visual Basic 6 jáde ní 1998, ìtọ́jú rẹ̀ parí ní 2008. Python, tó jáde ní 1991, ṣì wà lójú ọpọ́n, síbẹ̀ ìtọ́jú ẹ̀dà kejì rẹ̀ dópin ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020. COBOL ńkọ́? Láti 1959 ni wọ́n ti ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní àwọn báńkì ńlá títí di òní. Kì í ṣe gbogbo tuntun ló ń pẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo àtijọ́ ló ń tètè kú.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni a máa ń bi ara wa kí a tó yan ohunkóhun.

Èkíní: ǹjẹ́ àkọsílẹ̀ náà lè jáde? Àwọn ètò kan wà tí ó jẹ́ pé àwọn nìkan ló lè ṣí ohun tí a bá kó sínú wọn. Èyí tó lè kó gbogbo rẹ̀ jáde sínú fáìlì lẹ́tà lásán, irú èyí tí a ń pè ní CSV, ni a fẹ́. Kọ̀ǹpútà yòówù lè ṣí i.

Èkejì: ta ni yóò tún un ṣe bí ẹni tó kọ ọ́ bá ṣí lọ? Lónìí a wà ní Kumasi, lọ́la a lè wà ní Ìbàdàn tàbí London. Èdè tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbọ́ ni kí a lò, kì í ṣe èyí tó dùn mọ́ ẹni kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ owó tí a kọ sílẹ̀ ní àlàyé? Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2007, Gánà sọ 10,000 sídì àtijọ́ di sídì tuntun kan. Ìyá tó dá 50,000 ní 2006 àti èyí tó dá 5 ní 2008, iye kan náà ni wọ́n dá. Ètò tó bá kọ iye nìkan yóò ní èkíní fi ìlọ́po 10,000 ju èkejì lọ. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ àti irú owó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye.

Orúkọ náà ní wàhálà tirẹ̀. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà, ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ é tó parí Adé: kí á kọ ọ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, tàbí kí á kọ e, kí á wá fi àmì lé e lórí. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ tí a kò kọ́, ẹni méjì ni. Bí akọ̀wé méjì bá kọ ọ́ lọ́nà méjì, owó tí Adé ti ń dá bọ̀ lè pín sí méjì, kí á wá sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú pé owó bàbá wọn kò pé. Àwọn kan ní kí á kúkú yọ àmì kúrò. A kò gbà, nítorí orúkọ ẹni ni. Kí ètò máa sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀nà kan kí ó tó tọ́jú rẹ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Láti ìparí 2022 tí ChatGPT ti jáde, àwọn ọmọ ń bi wá bóyá iṣẹ́ yìí ṣì ní láárí, nígbà tí ẹ̀rọ ti ń kọ ètò fúnra rẹ̀. Àwa náà ń lò ó, ó sì ń dín iṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni ìyá wa kan ní Tamale ń lò, àfi bí a bá sọ fún un. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi Python bẹ̀rẹ̀, nítorí ó rọrùn fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ọ ní ìṣirò àti bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí ìyẹn kì í gbó.

Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí akápò kó àkọsílẹ̀ jáde, kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ilé méjì ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ó má sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí i.

Bí ètò tí a ń lò lónìí bá kú lọ́la, kí àwọn ọmọ wa ṣì lè ka orúkọ yín àti iye tí ẹ dá. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí á tún pàdé lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú ayọ̀.