Ta Ni Yóò Tún Ògiri Náà Kùn?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba lórí àwòrán tuntun lára àwọn ilé àtijọ́ Ṣábẹ̀ẹ́

Ní ààfin Àgbómẹ̀, ara ògiri ni àwọn ọba Dàhòmì kọ ìtàn wọn sí. Wọ́n ní kí àwọn oníṣẹ́ ọnà fi amọ̀ mọ àwòrán sára gbọ̀ngàn wọn, kí wọ́n sì fi àwọ̀ kùn ún: kìnnìún, ẹja yanyan, ọkọ̀ ojú omi, àwọn jagunjagun obìnrin. Ọmọ Nàgó, ìyẹn Yorùbá apá ibẹ̀, wà nínú wọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ogun ṣẹ́ ni wọ́n ṣe fi í hàn. Ẹni tó ni ògiri ló sanwó iṣẹ́, ohun tó sì fẹ́ kí ọmọ òun rí ló ní kí wọ́n ṣe. Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú Yorùbá kan ní Benin, wà lára àwọn ìlú tí ọmọ ogun Dàhòmì kọlù, àwọn òkè olókùúta tó yọ gàgàrà lẹ́bàá ìlú ló sì di ibi ìsádi fún àwọn ènìyàn. Bí ẹni tó sá gun òkè náà ṣe rí ogun ọ̀hún kò sí lára ògiri Àgbómẹ̀, a kò sì lè máa retí rẹ̀ níbẹ̀. Ara ògiri Ṣábẹ̀ẹ́ ló yẹ kó wà.

Ibi tí wọn yóò ya àwòrán náà sí kò ṣòro rí. Ààfin Oníṣábẹ̀ẹ́, ọba ìlú náà, ni àkọ́kọ́. Ibùdókọ̀ ojú irin tún ń bẹ. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ni reluwé láti Kùtọ̀nú ti dé Ṣábẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ló sì parí sí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó nà án dé Pàràkú lẹ́yìn 1930. Fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Ṣábẹ̀ẹ́ ni òpin ojú irin. Ẹni tó bá ń lọ sókè, ibẹ̀ ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ kíkun irú ilé bẹ́ẹ̀ bá délẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ni ayàwòrán, èló ni yóò gbà. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣíwájú méjèèjì: ta ni yóò tún ògiri náà kùn nígbà tí òjò bá ti fọ̀ ọ́?

Àwọn àgbà Yorùbá ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Ní ojúbọ Olúorogbo ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ló ni iṣẹ́ ògiri. Bí ọdún òrìṣà bá ti ń sún mọ́, wọn yóò kun ògiri ní àkùntúnkùn, wọn yóò sì ya àwòrán tuntun lé orí ti àná. Bọ̀lájí Campbell, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà tó tẹ ìwé jáde lórí àwòrán ojúbọ ní 2008, fi hàn pé kíkùn yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ apá kan ìsìn. Kò sí ẹni tó ń retí kí ọ̀dà kan wà níbẹ̀ fún àádọ́ta ọdún. Ọmọbìnrin ń wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń po ẹfun, ó ń wo bí ọwọ́ ìyá ṣe ń fa ìlà, lọ́dún mélòó kan òun náà á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Iṣẹ́ àtúnkùn ni ojúbọ náà fún wọn, àwòrán sì ń jáde látinú rẹ̀ lọ́dọọdún.

Àgbómẹ̀ kò rí ọ̀nà tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní 1892, nígbà tí ọmọ ogun Faransé ń bọ̀, ọba Béhanzin ní kí wọ́n ti iná bọ ààfin. Ní 1911, ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Waterlot ya ẹ̀dà àwọn ère ara ògiri tó ṣẹ́ kù, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1926. Ìjì líle jà níbẹ̀ ní 1984. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, UNESCO kọ ààfin náà sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé, lẹ́sẹ̀kan náà ló sì kọ ọ́ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu. 2007 ló tó yọ ọ́ kúrò nínú ewu. Láàárín ìgbà yẹn, ní 1988, wọ́n wó gbọ̀ngàn ọba Gèlélé láti tún un kọ́. Ère 56 ló wà lára rẹ̀. Wọ́n gé 50 kúrò lára ògiri kí wọ́n tó wó o, wọ́n sì fi ẹ̀dà tuntun sára ilé tuntun. Láti 1993 di 1997 ni Getty Conservation Institute ti Amẹ́ríkà àti àwọn òṣìṣẹ́ Benin jọ tọ́jú àwọn ère àtijọ́ tí wọ́n gé náà.

Ó yẹ kí a sún mọ́ ère kan níbẹ̀, kí a wò ó dáadáa. Amọ̀ òkìtì ikán ni, èyí tí wọ́n po mọ́ epo pupa àti koríko kéékèèké kí ó lè le, kí omi má tètè wọ̀ ọ́. Ẹni tó mọ ọ́n mọ irú ilẹ̀ tó ń lò. Ògiri amọ̀ máa ń mu omi láti ìsàlẹ̀, oòrùn á sì tún fà á jáde. Bí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, omi náà á há sínú. Nígbà tó bá yá, sìmẹ́ǹtì á ṣí bẹ́lẹ́bẹ́lẹ́, á sì ṣí tòun ti àwòrán. Ọ̀dà olóròóró náà kò sàn jù ú lọ. Fún ìdí èyí, kí ẹnikẹ́ni tó gbé búrọ́ọ̀ṣì ní Ṣábẹ̀ẹ́, birikilà tó mọ amọ̀ ni kó kọ́kọ́ wo ògiri. Kó wo òrùlé bó bá ń jò, kó wo gọ́tà, kó wo ìpìlẹ̀.

Ògiri ńlá ẹ̀gbẹ́ èbúté Kùtọ̀nú, tí àwọn ayàwòrán ti kùn lọ bẹẹrẹ, jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Kọnkéré nìyẹn, ọ̀dà tí wọ́n ń fọ́n látinú agolo sì bá a mu. Ọ̀nà yẹn kò gbọdọ̀ dé ara ògiri amọ̀ ààfin.

Ọ̀rọ̀ ohun tí wọn yóò yà kò ní ṣàì dá ìjà sílẹ̀, ó sì sàn kí ìjà náà wáyé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní New York ní 1936, owó ìjọba ni wọ́n fi gba Charles Alston, Georgette Seabrooke àti àwọn ayàwòrán adúláwọ̀ mìíràn láti ya ògiri Ilé Ìwòsàn Harlem. Ọ̀gá ilé ìwòsàn kọ mẹ́rin nínú àwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá, ó ní adúláwọ̀ ti pọ̀ jù nínú wọn. Ní Harlem! Àwọn ayàwòrán kò gbà, wọ́n pariwo síta, iṣẹ́ náà sì wọ ara ògiri. Ní 2012, ilé ìwòsàn náà ṣí ilé tuntun tí àwọn àwòrán tí wọ́n tún ṣe wà nínú rẹ̀.

Ṣábẹ̀ẹ́ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti jà lé lórí. Bàrìbá, Màhì àti Fúlàní ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá, ìtàn ìdílé ọba fúnra rẹ̀ sì kan Bàrìbá. Ògiri tó bá fi ogun Dàhòmì hàn láìfi àwọn aládùúgbò yìí hàn yóò ṣe bíi ti Àgbómẹ̀: ojú ẹnì kan ṣoṣo ni yóò fi sọ ìtàn. Kí Oníṣábẹ̀ẹ́ àti ìgbìmọ̀ rẹ̀, mérì, àwọn olùkọ́ ìtàn àti aṣojú àdúgbò kọ̀ọ̀kan jọ jókòó lórí àwòrán ìdábàá, kí wọ́n sì gbé e síta ní ọjọ́ ọjà kí ará ìlú lè wò ó, kí wọ́n sọ tẹnu wọn.

Ní ti ìwé àdéhùn pẹ̀lú ayàwòrán, kó sọ iye tí mérì yóò máa yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àtúnkùn, kó sì dárúkọ àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ ìlú tí ayàwòrán gbọ́dọ̀ kọ́ níṣẹ́ kó tó gba owó ìkẹyìn rẹ̀. Kí wọ́n kọ irú ilẹ̀ àti ọ̀dà tí wọ́n lò sílẹ̀. Kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo ògiri náà, bí Waterlot ṣe ya ẹ̀dà ti Àgbómẹ̀ pamọ́, ẹ̀dà kan fún ààfin, ọ̀kan fún mérì, ọ̀kan fún ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Àjàṣẹ́.