Síǹkì Tó Ń Jò Lábẹ́

Ọ̀rọ̀ síǹkì ilé ìwẹ̀ tó ń jò lábẹ́ la gbé wá. Ẹ kọ́kọ́ wá ojú ibi tó ti ń jò. Mo tún un sọ: ojú ibi tó ti ń jò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ nu gbogbo páìpù gbẹ. Ẹ wá da omi sí síǹkì, kí ẹ sì máa fi tíṣù gbígbẹ kan oríkèé páìpù kọ̀ọ̀kan, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tí tíṣù bá ti kọ́kọ́ tutù, ibẹ̀ ni. Ẹ má tẹ̀ lé ibi tí omi ń kán sí, torí omi máa ń gba ara páìpù sọ̀kalẹ̀ kó tó kán.

Bó bá jẹ́ oríkèé ni, ẹ fi ọwọ́ lásán fún un kó le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki sípánà bọ oríkèé tó jẹ́ ike. Ó lè sán. Bó bá ṣì ń jò, ẹ tú u, kí ẹ wo rọ́bà inú rẹ̀. Rọ́bà tó ti le gbagidi tàbí tó ti là, ó ti kú nìyẹn. Ẹ mú un dání lọ ra irú rẹ̀ gan-an.

Páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ síǹkì ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi páìpù gbọọrọ rọ́pò rẹ̀. Omi tó dúró sínú rẹ̀ dà bí ìdérí ìkòkò: òun ni kì í jẹ́ kí òórùn sókàwéè wọlé.

Bí ẹ bá de oríkèé náà tán, ẹ pọn omi kún síǹkì, ẹ tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ tún fi tíṣù gbígbẹ wá ojú ibi tó ń jò.