Níbo Ni Ọgbọ́n Tuntun Ti Ń Bá Ènìyàn?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ìjàn ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú)

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí á sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ohun tí ó lè mú kí ìlú wa gòkè sí i. A rò ó títí, a sì rí i pé ọ̀rọ̀ owó ti pọ̀ jù lẹ́nu wa lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni a fẹ́ sọ lónìí: ibi tí ọgbọ́n tuntun ti ń bá ènìyàn, àti àkókò tí ó ń bá a.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ẹni tí ó jókòó sí ìdí tábìlì, tí ó tẹjú mọ́ ìwé, ni ọgbọ́n ńlá máa ń bá. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu tábìlì àti ìwé, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ wa ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo àwọn tí ọgbọ́n ti bá rí, kí á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí.

Ọkùnrin kan gbé ní Ìsẹ̀-Èkìtì tí à ń pè ní Ọlọ́wẹ̀. Èfọ̀n-Alààyè ni a ti bí i, ó sì kú ní ọdún 1938. Kí òkìkí rẹ̀ tó kàn, ẹmẹ̀sẹ̀ ni ó jẹ́ ní ààfin Arínjalẹ̀. Ẹ̀yin àgbà mọ iṣẹ́ ẹmẹ̀sẹ̀: a máa ti ìlú kan lọ sí òmíràn, a máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà ààfin de èsì, a máa wo ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde, bí wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀, bí fìlà ti jókòó lórí wọn, bí ẹṣin ti ń gbé ẹsẹ̀. Nígbà tí Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ wá fi iṣẹ́ ilẹ̀kùn ààfin rẹ̀ rán an, ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, ohun tí ojú ẹmẹ̀sẹ̀ máa ń rí ni ó gbẹ́ sára igi. Ọba jókòó lórí ìtẹ́ ní apá kan. Ní apá kejì, òyìnbó Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń bọ̀ wá kí i, àwọn alààrù sì gbé e. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ àwọn ènìyàn náà yọ tó bẹ́ẹ̀ tí orí wọn fi jáde síta lára pákó bí ẹni tí ń yọjú lójú fèrèsé. A gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tí a ṣe ní Wembley, ní London, ní ọdún 1924. Àwọn ará British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Ìtẹ́ tí a ṣe ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi gba pàṣípààrọ̀, ilẹ̀kùn sì di ti ilé ìṣúra wọn títí di òní. (Bóyá pàṣípààrọ̀ náà dọ́gba, àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ni kí ó dáhùn.)

Ońṣẹ́ kejì nìyí. Abẹ́òkúta ni a ti bí Amos Tutùọlá ní ọdún 1920. Ọdún díẹ̀ péré ni ó lò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì ṣe é fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hitler. Lẹ́yìn ogun, ó di ońṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójú tó ọ̀ràn iṣẹ́ ní Èkó. Ẹni tí ó bá ti ṣe ońṣẹ́ ọ́fíìsì rí mọ̀ pé ìjókòó pọ̀ níbẹ̀ ju ìrìn lọ. Nínú ìjókòó yẹn ni Tutùọlá ti ń fi ìtàn ọ̀mu-ẹmu tí ó wá ẹlẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú sórí bébà. London ni a ti tẹ ìwé náà jáde ní ọdún 1952. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa ní Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ń ti àwọn lójú. Ìwé náà ti rìn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ àwọn tí ojú ń tì.

Ẹ má ṣe gbọ́ ọ pé a ní kí gbogbo ọmọ wa lọ di ońṣẹ́. Ońṣẹ́ pọ̀ ní Èkó nígbà náà, Tutùọlá kan ni ó kọ ìwé. Àlọ́ tí ó ti gbọ́ láti kékeré ti kún inú rẹ̀. Igi gbígbẹ́ sì ti wà lọ́wọ́ Ọlọ́wẹ̀. Ẹni tí kò da ọkà sínú ọlọ kò lè retí ìyẹ̀fun, bí ó ti wù kí ọlọ náà yí tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilẹ̀ òyìnbó. Onímọ̀ ìṣirò kan wà ní ilẹ̀ Faransé, Henri Poincaré ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1908 ó ròyìn fún àwọn ènìyàn ní Paris bí ọ̀ràn ìṣirò kan tí ó ti ń bá a jà ṣe yé e. Ó ti pa iṣẹ́ tì, ó bá àwọn mìíràn lọ sí ìrìn àjò; ní ìlú Coutances, bí ó ti gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn ọkọ̀ èrò, kò tilẹ̀ ronú rẹ̀ nígbà náà, ojútùú yọ sí i lọ́kàn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀. Nígbà tí ó padà délé ni ó tó jókòó yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì rí i pé òótọ́ ni. Nítorí náà tábìlì ní iṣẹ́ tirẹ̀, ṣáájú àti lẹ́yìn.

Àwọn ìyá wa kò gbọ́ orúkọ Poincaré rí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Obìnrin Èkìtì tí ń hun kíjìpá lórí òfì rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà débi pé ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọnà tuntun ti ń bá a, ibẹ̀ ni ó ti ń to ọ̀rọ̀ alámọ̀ tí yóò kọ lọ́jọ́ ìyàwó. Báyìí ni ẹni tí ń yan gàrí, báyìí ni ẹni tí ń kọ ebè, báyìí ni ọdẹ tí ó gun ẹ̀gùn lóru tí ẹranko kò tíì yọ. Ọmọ wa tí ń fọ ọ́fíìsì ní London lóru wà lára wọn, àti èyí tí ó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Èkó.

Ẹ wá wo bí àwa ti ń wá ọgbọ́n nínú ẹgbẹ́ yìí. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nínú gbọ̀ngàn yìí, alága yóò dìde, yóò ní, “Ta ni ó ní ìmọ̀ràn?” Ooru mú, àwọn onílù ti dé ìta, àwọn ará Èkó ń wo aago nítorí ọ̀nà. Àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ yóò sọ ohun tí wọ́n sọ ní èṣí. Obìnrin tí ó ti fi oṣù méje ro bí a ó ti tún ojú odò ṣe, ní ìdí agbada gàrí rẹ̀, kò ní dìde sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ìjòyè. Ọmọ London yóò ti gbàgbé tirẹ̀ kí ó tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní Ìjàn, àwọn tí ó bá wà níjókòó tí ẹnu wọn sì yá ni à ń fi dá a.

Olóògbé D. O. Fágúnwà, olùkọ́ bí tiwa, bẹ̀rẹ̀ ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938, pẹ̀lú ọkùnrin kan tí ó jókòó jẹ́jẹ́ láàárọ̀, tí bàbá àgbàlagbà kan wá bá a, tí ó ní kí ó mú kálàmù kí ó kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀. Bí kò bá sí kálàmù nítòsí, bàbá yẹn ìbá bá tirẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ìwé kan, kí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ láti oṣù kìíní títí dé ìkẹjìlá. Ẹnikẹ́ni tí èrò kan bá bá lójú ọ̀nà oko tàbí ní ìdí iná, kí ó lọ kọ ọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò mọ ìwé kọ, àwọn ọmọ kíláàsì òkè ní ilé-ẹ̀kọ́ wa yóò bá a kọ ọ́, wọn yóò sì kà á sí i létí kí ó lè mọ̀ pé ohun tí òun sọ gan-an ni. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, kí akọ̀wé dà á kọ. Kí ìgbìmọ̀ ka gbogbo rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú ìpàdé, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí ó bá ṣeé ṣe, àti iye tí yóò náni. Orúkọ ẹni tí ó ni èrò ni kí a sì tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yìí, ì báà ṣe ọmọ ọdún mẹ́wàá. A ti rí i rí tí ọ̀rọ̀ ẹnìkan di ti ẹlòmíràn kí ìpàdé tó tú.

Àwọn kan ti sọ fún wa pé èébú ni yóò kún inú ìwé náà. Ó ṣeé ṣe. Kí akọ̀wé fa ìlà sí èébú, kí ó kọjá.

Ìwé àkọ́kọ́ nìyí lọ́wọ́ wa; a ti fa ìlà sí ojú ìwé rẹ̀ gbogbo, a sì ti kọ ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀. A bẹ alága kí ó bi ìpàdé léèrè lórí rẹ̀ kí a tó lọ jẹun.