Áàpù Gẹ́gẹ́ Bí Ayálégbé: Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Ibi Ìpamọ́ Dátà

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ni ó yẹ kí á wò kí á tó gbé áàpù sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀dọ́ kan tí ó ṣe áàpù fún alájọ. Orúkọ àwọn tí ń dájọ àti iye tí olúkúlùkù ti dá gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Bí kò bá ní kọ̀ǹpútà tí ó tó iṣẹ́ náà, yóò yá ààyè lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń bá ni tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Firebase ti Google rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó sábà ń gbà to dátà jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Supabase gbé tirẹ̀ ka PostgreSQL, èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó sì lò ó níbòmíràn; ẹni tí ó bá dá a gbé kalẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru.

Èwo ni kí á yàn? Ẹ wo Ṣómólú, ìlú àwọn atẹ̀wé, tí ó múlé ti Bàrígà wa. Òǹkọ̀wé tí ó bá gbọ́n a máa bèèrè iye owó, a sì tún máa bèèrè ọwọ́ ẹni tí pléètì ìwé rẹ̀ yóò wà. Bí pléètì bá wà lọ́wọ́ atẹ̀wé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni yóò máa padà sí, iyekíye tí ó bá pè é.

Ohun tí mo wí yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Facebook ra Parse ní 2013. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, wọ́n kéde pé àwọn yóò tì í. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 2017, ó kógbá sílé. Wọ́n fún àwọn ayálégbé ní ọdún kan, wọ́n sì tú ètò náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń kó ẹrù ni ìyẹn ṣe láǹfààní.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ jáde, kí ni n ó lè kó dání? Bí ìwé àjọ bá sọnù, alájọ ni ọjà yóò mú. Wọn kò ní mú onílé tí ó wà ní Amẹ́ríkà.