Bí Ènìyàn Ṣe Ń Di Panápaná ní New York

Ọdún 1865 ni ìjọba dá iléeṣẹ́ panápaná tí ń gbowó oṣù sílẹ̀ ní New York, láti rọ́pò àwọn ará àdúgbò tó ń fínnúfíndọ̀ pa iná, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn sì máa ń bára wọn jà nígbà mìíràn níwájú ilé tó ń jó. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ wọṣẹ́ náà yóò kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ìmọ̀, kó tó kan ìdánwò agbára, èyí tí í ṣe iṣẹ́ mẹ́jọ tó gbọ́dọ̀ parí láàárín ìṣẹ́jú 10 àti ìṣẹ́jú àáyá 20, pẹ̀lú ẹ̀wù tó wúwo tó kílò 23 lára. Àtẹ̀gùn tí ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ ló ṣáájú: wọn á gbé nǹkan bí kílò 11 mìíràn lé e léjìká, yóò sì gùn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láìfara ti ohunkóhun. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú ilé gogoro ni New York. Ẹni tó bá yege yóò gba ẹ̀kọ́ ní Erékùṣù Randall, níbi tí ìtọ́jú pàjáwìrì ti wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́, nítorí pé ìpè lórí àìsàn àti ìfarapa pọ̀ ju ìpè iná lọ.