Kòkòrò Tí Ń Lu Igi Ti Wọ Àká: Kí Ni Ìjọba Ń Ṣe?



Ọ̀rọ̀ kòkòrò kan ni mo bá wá. Kò gùn tó hóró ìrẹsì, ṣùgbọ́n igi ni ó ń lu nínú igbó. Bí ó bá wọ àká, a lu òpó, a lu àgbàdo, a lu ẹ̀gẹ́ gbígbẹ. Gbogbo rẹ̀ a di ìyẹ̀fun.

Mexico àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká ni ó ti wá. Ní 1981, wọ́n ti rí i ní Tanzania. Ní 1984, ó dé Togo. Níbẹ̀, àgbàdo tó bá pẹ́ tó oṣù mẹ́fà nínú àká lè dín ní 30 nínú 100. Nígbà tó fi máa di 1992, ó ti wọ ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, àwa ńkọ́?

Ní 1991, Togo tú kòkòrò mìíràn sílẹ̀, ọ̀tá rẹ̀ láti ilẹ̀ tó ti wá, kí ó máa pa á jẹ. Benin ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1992. Àwọn onímọ̀ IITA wà nínú iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni Ìbàdàn tó wà nítòsí wa yìí ni olú-ilé-iṣẹ́ wọn. Ọ̀tá náà dín in kù nínú igbó, ṣùgbọ́n kò lè dá àká nìkan ṣọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìjọba ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bi yín o: abúlé ta ni òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ dé lọ́dún yìí? Ẹni tí kò rí olùkọ́, oògùn tó bá rí lọ́jà ni yóò bù sí oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn dichlorvos lọ́jà. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin tí kò ní olùkọ́ lẹ́yìn kò gba àká kankan là.

Nílé, ẹ sá àgbàdo kó gbẹ dáadáa, ẹ ṣa èyí tó ti lu sọ́tọ̀, ẹ gbá àká mọ́ kí ẹ tó kó tuntun sí i, ẹ sì jó òpó tó ti dá ihò.

Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í léèrè mẹ́ta: òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ mélòó ni yóò wà ní wọ́ọ̀dù wa? Níbo la ó ti sá àgbàdo nígbà òjò? Ta ni yóò máa yẹ ẹrù ọkọ̀ wò? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ má fún un ní ìbò yín.